Kò Yí Ni, Àbí Ó Ń Yí Tí Kò Gbaná? Ọ̀rọ̀ Katakata Ọgbà Tó Ti Dàgbà

Tó bá ti di oṣù kẹrin, tí òtútù ti kẹ́rù kúrò ní Maryland tí koríko sì ti ń yọrí, fóònù mi kì í sinmi. Àwọn ará wa tó ra ilé tí àgbàlá rẹ̀ fẹ̀, tí wọ́n sì ra katakata kékeré àlòkù lọ́wọ́ baba òyìnbó àdúgbò láti máa fi gé koríko, ni wọ́n máa ń pè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nǹkan yìí ti kọ̀ o. Mo yí kọ́kọ́rọ́ títí, kò dá mi lóhùn. Mo tiẹ̀ ti lọ ra bátìrì tuntun." Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló máa ń dùn mí. Owó bátìrì ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó bi katakata léèrè ohun tó ń ṣe é.

Ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n: nígbà tí o yí kọ́kọ́rọ́, ṣé ẹ́ńjìnnì yí? Mi ò ní ṣé ó tàn o. Mo ní ṣé ó yí. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Wọ́n á ní "kò ṣáná", ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ́ńjìnnì tí kò yí, àìsàn sítátà, ìyẹn ẹ̀rọ oníná tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè jí, ló ń ṣe é: bátìrì, wáyà ńlá, solenoid, sítátà fúnra rẹ̀. Èyí tó ń yí dáadáa tí kò gbaná, àìsàn iná ló ń ṣe é: kọ́ìlì, kọ́ńtáàkì, pọ́ọ̀gì tó ń ta iná sínú ẹ́ńjìnnì. Bátìrì nìkan ló fẹsẹ̀ kan síbí tó tún fẹsẹ̀ kan sọ́hùn-ún. Bóyá ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹ̀bi fi ń bọ́ sí i lórí.

Katakata tí mò ń sọ kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń kọ oko nílé. Èyí tí èèyàn kan ṣoṣo ń jókòó lé ni, tí abẹ ìgékoríko so mọ́ ọn nísàlẹ̀. International Harvester gbé Cub Cadet jáde lọ́dún 1961, John Deere gbé 110 tirẹ̀ jáde lọ́dún 1963, Wheel Horse ti ìlú South Bend ní Indiana sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú àwọn méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì Kohler ẹ̀yà K, onísílíńdà kan, tí wọ́n fi irin dídà ṣe, ló wà lára púpọ̀ nínú wọn. Irin àwọn ẹ̀rọ yìí kì í tètè kú. Wáyà wọn ló ń kú. Ẹni tó bá sì ti fọwọ́ kan Volkswagen tó dà bí ìjàpá yẹn rí, tàbí tó ti tú jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré palẹ̀ rí, ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tí kò yí. Kọ́kọ́rọ́ kọ́ ló ń gbé iná fún sítátà. Sítátà máa ń fa iná gan-an, ó lè fa ọgọ́ta amp tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí iná iwájú kan kò ju amp méjì tàbí mẹ́ta lọ. Bí irú iná bẹ́ẹ̀ bá gba inú kọ́kọ́rọ́ kọjá, kọ́kọ́rọ́ á yọ́. Solenoid ni wọ́n fi sáàárín. Ó rí bí agolo tòmátò kékeré, wáyà nínípọn méjì wọ̀ ọ́, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tàbí méjì náà wọ̀ ọ́. Aṣọ́nà lẹ́nu géètì ni. Kọ́kọ́rọ́ á fi iná díẹ̀ ránṣẹ́ sí i láti inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, òun á wá ṣí géètì fún iná ńlá láti bátìrì lọ sí ọ̀dọ̀ sítátà. "Tá!" tí ẹ máa ń gbọ́ yẹn, ohùn géètì ni.

Nítorí náà, ẹ tẹ́tí. Bí ohun gbogbo bá dákẹ́ rọ́rọ́, iná kékeré kò dé ọ̀dọ̀ aṣọ́nà. Ẹ má wulẹ̀ tú sítátà. Ẹ wo fíúùsì, ẹ wo kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì wo àwọn ìdènà tí wọ́n tò sójú ọ̀nà wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà: ọ̀kan wà nídìí ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì tàbí bíréèkì, ọ̀kan wà níbi ọ̀pá tó ń tan abẹ ìgékoríko, àwọn kan tún ní òmíràn lábẹ́ ìjókòó. Bí ẹ bá gbàgbé abẹ sórí títàn, katakata ò ní dá yín lóhùn láéláé, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe é. Mo ti wa mọ́tò fún ogójì ìṣẹ́jú nítorí irú rẹ̀ rí, tí mo kàn fọwọ́ kan ti ọ̀pá yẹn sẹ́yìn tí gbogbo wa dákẹ́.

Bí ó bá ń dún "tàtàtàtàtà" bí ẹni ń yìn ìbọn ìṣeré, aṣọ́nà ń ṣí géètì, iná ń tán lójú ẹsẹ̀, géètì ń pa dé, iná ń padà, ó tún ń ṣí. Bátìrì tó ti rẹ̀ tàbí orí bátìrì tó dọ̀tí ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wá dún "tá!" lẹ́ẹ̀kan péré tó sì dákẹ́, ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù, torí géètì ṣí ṣùgbọ́n iná ńlá kò dé ibi tó ń lọ, ohun tó sì lè dá a dúró lójú ọ̀nà kì í ṣe ẹyọ kan.

Àbúrò wa kan pè mí lórí fídíò lọ́dún tó kọjá, "tá!" yẹn gan-an ni tirẹ̀. Bátìrì tuntun ló wà níwájú rẹ̀, ó sì ti fi mítà wọn volt rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, bátìrì dáa o, 12.6 ni."

Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ẹni tó jókòó kò tíì gbé ẹrù. Fi mítà síbẹ̀, kí ìyàwó rẹ bá ọ yí kọ́kọ́rọ́, kí o wo ohun tó máa ṣe."

"Tá!" Ó wo mítà. "12.5, ẹ̀gbọ́n. Kò kúrò lójú kan."

Nọ́ńbà yẹn ló tú àṣírí. Bátìrì tó kún máa ń wà ní nǹkan bíi 12.6 volt, bí ó bá ti bọ́ sí 12.0, òfìfo ló ń lọ yẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì ni ohun tí ó ń kà nígbà tí sítátà ń fa á. Bí ó bá já wá sí mẹ́fà tàbí méje, bátìrì ni kò lágbára. Bí ó bá dúró ní nǹkan bíi mẹ́wàá tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí, kò burú. Bí kò bá wá kúrò lójú kan rárá, tí ẹ́ńjìnnì kò sì yí, a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fa nǹkan kan lára bátìrì. Ọ̀nà ló dí.

Mo ní kó fi ọwọ́ pupa mítà sórí pósítíìfù bátìrì, kó fi dúdú sórí ìdè sítátà tí wáyà ńlá so mọ́, kí wọ́n tún yí i. Lórí ọ̀nà tó là, mítà á kọ́kọ́ ka 12, ṣùgbọ́n bí géètì bá ti ṣí, á wálẹ̀ sí ìdajì volt tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, torí orí kan náà ni ibi méjèèjì di. Tirẹ̀ ka 11. Ó gbé ọwọ́ mítà wá sórí ìdè solenoid níhà sítátà, ó wálẹ̀ dáadáa. Solenoid kò ṣẹ̀ nìyẹn. Àárín solenoid àti sítátà ni iná ń kú sí, wáyà kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Lójú, kò sóhun tó ṣe wáyà náà. Rọ́bà rẹ̀ ṣì ń dán. Mo ní kó fi ọ̀bẹ la rọ́bà yẹn nítòsí ìdè. Eruku àwọ̀ ewé ló dà sí i lọ́wọ́. Bàbà inú rẹ̀ ti jẹ tán, ìwọ̀nba fọ́nrán díẹ̀ ló kù, wọ́n tó fún iná mítà ṣùgbọ́n wọn ò tó fún sítátà.

Ẹ lè wọn ìhà nẹ́gẹ́tíìfù bẹ́ẹ̀ náà: ọwọ́ kan lórí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, ọwọ́ kejì lára irin ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá ju nǹkan bíi 0.3 lọ, ẹ tú ibi tí wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ti nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì wá, ti so mọ́ ara katakata, ẹ fi sáńpépà há ìpẹtà àti ọ̀dà kúrò títí irin á fi funfun, kí ẹ dè é padà.

Nígbà mìíràn wáyà gbogbo mọ́, sítátà sì ń làkàkà: "ùùn... ùùn... ùn", ó dúró. Kí ẹ tó dá sítátà lẹ́bi, ẹ tú pọ́ọ̀gì kúrò, ẹ fi orí wáyà rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tún yí i. Bí ó bá ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ báyìí, ara sítátà le. Ẹ́ńjìnnì ló ń ta kò ó. Àwọn Kohler K ní nǹkan kékeré kan lára kámúṣáfù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, tó máa ń gbé fáàfù ìtútèéfín sókè díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì sáré, kí atẹ́gùn lè yọ, kí ó má baà ṣòro yí. Bí ìyẹn bá kú, tàbí tí àyè fáàfù kò tọ́ mọ́, sítátà tuntun mẹ́ta kò lè yí i dáadáa. Ẹ sì mọ̀ pé lára àwọn tó pẹ́ jù, sítátà àti jẹ́nẹ́rétọ̀ tó ń ṣáàjì bátìrì, ohun kan náà ni, bẹ́líìtì ló so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń han bí ológbò tí wọ́n tẹ ìrù rẹ̀, bẹ́líìtì ló dẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sukudiráífà wá kù. Gbogbo wa la ti rí rẹwáyà tó fi sukudiráífà so ìdè ńlá méjèèjì solenoid pọ̀ tí ẹ́ńjìnnì sì yí. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń sọ bóyá solenoid ló kú. Ṣùgbọ́n ó ń fo gbogbo ìdènà tí mo kà lẹ́ẹ̀kan dá. Bí jíà bá wà nínú rẹ̀, katakata á gbéra, á sì gba orí ẹni tó dúró síwájú táyà rẹ̀ kọjá. Ẹ fi sí nútírà, ẹ fi bíréèkì dè é, kí ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá sì ń fi júmpá yá iná lára mọ́tò, ẹ pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò náà, kí ẹ sì fi ìdè tó gbẹ̀yìn kan irin tó jìnnà sí bátìrì, torí gáàsì tó ń jáde lára ásíìdì máa ń bú gbàmù.

Ó yá, ẹ́ńjìnnì ń yí, kò gbaná. Níbí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ jù, torí ọ̀nà méjì ló wà tí katakata fi ń dáná, òdìkejì ara wọn sì ni wọ́n.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ gba iná lára bátìrì. Kọ́kọ́rọ́ á fi 12 volt ránṣẹ́ sí kọ́ìlì, iná á sì gba inú kọ́ìlì àti kọ́ńtáàkì kọjá sí ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin ara ẹ̀rọ. Kọ́ńtáàkì kò ju irin kéékèèké méjì bí ètè lọ, wọ́n ń pàdé, wọ́n ń pínyà bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Ìgbà tí wọ́n bá pàdé, kọ́ìlì ń kó agbára jọ. Ìgbà tí wọ́n bá pínyà lójijì, ó ju agbára náà sí pọ́ọ̀gì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt. Bíi kànnàkànnà ni: ìgbà tí ọwọ́ bá fi rọ́bà sílẹ̀ ni òkò ń fò. Kohler K pẹ̀lú bátìrì ń lo èyí.

Ọ̀nà kejì kò mọ bátìrì rí. Òòfà tó wà lára fláíwíìlì, kẹ̀kẹ́ irin wúwo tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, ló ń kọjá níwájú kọ́ìlì, òun ló sì ń dá iná sílẹ̀. Màgínẹ́tọ̀ nìyẹn, irú èyí tó wà lára jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré ilé yín. Kọ́kọ́rọ́ kò fún un ní nǹkan kan. Iṣẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ ń ṣe níbẹ̀ ni pípa: ó máa ń fi wáyà kan so kọ́ìlì mọ́ ẹ́ẹ̀tì kí iná lè rì. Ẹ rántí jẹ́nẹ́rétọ̀ tí ọ́ìlì rẹ̀ kò pé tó kọ̀ láti tàn. Wáyà tó ń ṣọ́ ọ́ìlì ló kan ẹ́ẹ̀tì, kò sí ohun mìíràn.

Ẹ wá wo ìyàtọ̀ rẹ̀. Lára ti bátìrì, wáyà tó já ló ń pa iná. Lára màgínẹ́tọ̀, wáyà tó kan irin ló ń pa á. Bí ó bá já, ṣe ni ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ lọ tí kọ́kọ́rọ́ kò ní lè pa á mọ́. Ẹni tó bá mú òye ọ̀kan lọ sórí èkejì á sun ibẹ̀. Ó tún lè ṣe jàǹbá: bí ẹ bá fi 12 volt kan wáyà pípa màgínẹ́tọ̀, kọ́ìlì lè jóná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí ó ṣe mí. Kọ́kọ́rọ́ tèmi ti ń ṣe ségesège, mo ra tuntun. Ẹsẹ̀ márùn-ún ni ti àtijọ́, ẹsẹ̀ márùn-ún ni tuntun, ó wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹní wọ bàtà ara rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yí dáadáa, iná kankan kò sí. Sátidé méjì gbáko ni mo fi pààrọ̀ pọ́ọ̀gì, tí mo fọ kọ́ńtáàkì, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo kọ́ìlì bí ọlọ́ṣà. Ìgbà tí mo fi tẹ́sítà kan pósítíìfù kọ́ìlì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ní títàn tí gílóòbù kò tàn ni ojú mi là. Kọ́kọ́rọ́ màgínẹ́tọ̀ ni mo rà fún ẹ̀rọ bátìrì. Ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ M sí lára, tó yẹ kó jẹ́ pé iná ń bá jáde, iṣẹ́ pípa ni wọ́n dá a fún. Orí ló kó mi yọ tí kò fi jẹ́ òdìkejì.

Láti mọ̀ bóyá iná wà, ẹ tú pọ́ọ̀gì, ẹ fi í sẹ́nu wáyà rẹ̀, ẹ fi ara irin rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, níbi tó jìnnà sí ihò tí ẹ ti tú u, torí èéfín pẹtiróòlù ń ti ihò yẹn jáde. Ẹ má fi ọwọ́ lásán dì í mú. Bí wọ́n bá yí i, ẹ fẹ́ rí iná búlúù tó ń ta pàrà. Èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó ń ta lẹ́ẹ̀kan tó tún ń sinmi, kò tó.

Bí iná kò bá sí lára oníkọ́ńtáàkì tó ti dúró látìgbà òtútù, kọ́ńtáàkì ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ètè rẹ̀ máa ń hu nǹkan eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ojú lè má rí, tí 12 volt kò sì lè gbà kọjá. Lára Kohler K, abẹ́ ìdérí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ló wà, sukudiráífà ló ń ṣí i. Ẹ fi sáńpépà kíkúnná nù ún lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ wá fa bébà tó gbẹ gba àárín rẹ̀ kọjá; òróró ọwọ́ yín nìkan tó láti tún dí i. Àyè tó yẹ kó wà láàárín ètè méjèèjì nígbà tí wọ́n bá ṣí pátápátá ni 0.020 íǹṣì, ìyẹn nǹkan bí ìdajì milimítà. Àyè pọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́ 0.035. Ẹni tó bá fẹ́ kó péye jù bẹ́ẹ̀ lọ á wo ihò kékeré tó kọjú sí fláíwíìlì, á wá lẹ́tà S tó wà lára rẹ̀: ìgbà tí S bá yọ sójú ihò gan-an ló yẹ kí ètè kọ́ńtáàkì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ya, 20 dígírì kí písítìnnì tó dókè.

Ẹ tún lè fi mítà bi kọ́ńtáàkì léèrè láìtú u. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́, ẹ wọn nẹ́gẹ́tíìfù kọ́ìlì, kí ẹ fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kó máa lọ láàárín 12 àti òdo. Bí ó bá dúró lórí 12, ètè kò pàdé tàbí wọ́n dọ̀tí. Bí ó bá dúró lórí òdo, wọn kò pínyà, tàbí kọ́ńdẹ́nsà ti kú sórí ẹ́ẹ̀tì. Kọ́ńdẹ́nsà ni agolo wẹ́wẹ́ tó ń gba ìkọlù iná kí ètè má baà jó. Bí ẹ bá rí ètè tó ti jó dúdú tó sì kún fún kòtò, ẹ pààrọ̀ òun náà. Owó rẹ̀ kò pọ̀.

Ti màgínẹ́tọ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ wáyà pípa kúrò lára kọ́ìlì, ẹ tún wo pọ́ọ̀gì. Bí iná bá dé, kọ́ìlì kò ṣẹ̀, ẹ lọ wá ibi tí wáyà náà ti ń fara kan irin: abẹ́ ìjókòó, ẹ̀yìn kọ́kọ́rọ́, tàbí ibi tí eku ti jẹ ẹ́. Ẹ má fojú kéré eku. Nígbà òtútù, abẹ́ ìbòrí ẹ́ńjìnnì ni ilé wọn. Ẹ kàn má gbàgbé pé wáyà yẹn ti kúrò, kọ́kọ́rọ́ ò lè pa ẹ́ńjìnnì bí ó bá tàn.

Ìṣe kan wà tó máa ń yà àwọn èèyàn lẹ́nu: ó ń yí, ó ń yí, kò gbaná, àfi ìgbà tí ọwọ́ bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ tó á ṣe "fúù" bí ẹni fẹ́ jí. Wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni. Ẹ wọn pósítíìfù kọ́ìlì nígbà tí sítátà ń yí. Nǹkan méjì ló máa ń fà á lára oníbátìrì: yálà sítátà ń fa iná tán tí kò ku tó fún kọ́ìlì, tàbí inú kọ́kọ́rọ́ ti jẹ níbi tí ó ti ń fún kọ́ìlì níná lásìkò yíyí. Bí ẹ bá fọwọ́ sílẹ̀, iná á padà dé ọ̀dọ̀ kọ́ìlì, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ti ń dúró.

Bí ó bá ń yí tí iná rẹ̀ sì búlúù, ẹ fi wáyà sílẹ̀. Ẹ da pẹtiróòlù tuntun ṣíbí kékeré kan sẹ́nu kábúrétọ̀. Bí ó bá tàn fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tó kú, pẹtiróòlù tó sùn sínú táńkì láti oṣù kọkànlá lẹ ń bá jà.

Àbúrò tí wáyà rẹ̀ jẹ gé koríko ní Sátidé yẹn. Ó ti ṣáàjì bátìrì àtijọ́ tó fẹ́ jù nù, òun ló dá padà sínú katakata. Tuntun náà wà lórí pákó nínú gáréèjì rẹ̀, tòun ti rísíìtì.